Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Pe Ọmọ: Èrò Wa Lẹ́yìn Tí A Tún Wo It's a Sin

 Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tún jókòó wo It's a Sin, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí Russell T Davies kọ, tí Channel 4 ti Ìlú Ọba gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Apá márùn-ún péré ni. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1981 sí 1991 ni. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àìsàn éèdì sì wọ àárín wọn.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín àti ijó wọn ló gbà wá lọ́kàn, títí ẹkún fi dé. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Roscoe ni ojú wa ń wá kiri. Babátúndé ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ni ẹbí rẹ̀. Ní apá kìn-ín-ní, wọ́n ń gbàdúrà nítorí rẹ̀, wọ́n sì ti ń pinnu láti gbé e lọ sí Nàìjíríà. Roscoe wọ síkẹ́ẹ̀tì péńpé, ó dágbére fún wọn, ó fi ilé sílẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Nínú eré yìí, ìyá Colin fà á mọ́ra títí ó fi kú. Ẹbí Gregory dáná sun ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyá Ritchie gbé e lọ sí Isle of Wight, kò jẹ́ kí Jill, ọ̀rẹ́ tó dúró ti gbogbo wọn, rí i kó tó kú. Àìsàn kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó mú wa kọ èyí gan-an ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré náà. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ sọ ìtàn yìí fún ìyá rẹ̀ àgbà lórí fóònù. Ó dé ibi tó yẹ kó sọ irú ẹni tí Roscoe jẹ́, ó dákẹ́. "Adófùrọ̀" ló wà lẹ́nu gbogbo ayé, èébú sì ni. Ó dé orí àìsàn náà, ó sọ èyí tí a ń gbọ́ lórí rédíò láti kékeré: àrùn kògbóògùn. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì! Ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan ń bú èèyàn, èkejì ń parọ́.

Irọ́ ni, torí pé àìsàn náà ń gbọ́ oògùn. Láti nǹkan bí ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn tó ń ṣẹ́gun kòkòrò náà ti wà. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè gbó, kó tọ́. Bí kòkòrò náà bá kéré débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò lè ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbọ́ pé kògbóògùn ni, kí ló fẹ́ wá dé ọsibítù?

Àwọn kan yóò rán wa létí òfin ọdún 2014, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó. A mọ̀ ọ́n. Òfin náà kò ní kí ìyá má bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sì ní kí àwa máa fi èébú ṣe orúkọ. Ẹ jẹ́ ká máa sọ pé "ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin". Ẹ jẹ́ ká pe éèdì ní éèdì, ká fi kògbóògùn sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀rẹ́ wa padà sọ nìyẹn: "Màmá, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni." Màmá ní, "Ẹn-ẹ́n, mò ń gbọ́." Nígbà tí ìtàn parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: "Ṣé bàbá ọmọ yẹn padà wá a lọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ní apá ìkẹyìn, wọ́n pàdé ní ọsibítù, bàbá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Babátúndé.