Ìtọ́jú inú fóònù kì í ṣe ẹ̀tàn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tàn ni kí aláìsàn máa wo áàpù inú fóònù ṣe ìdárayá tó yẹ kó lọ ṣe ní ọsibítù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ní 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́. Àwọn kan ń lọ sí ọsibítù, àwọn yòókù ń wo fóònù ṣe é nílé. Ìtura tí ìhà méjèèjì rí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Àmọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwọn tí wọ́n wò kò pé 100, wọ́n sì kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa ná. Fóònù kò lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọsibítù wa ni pé kí físíò rí aláìsàn lójúkojú lẹ́ẹ̀kíní, kó kọ́ ọ, kó wá fi áàpù lé e lọ́wọ́, kó sì máa pè é. Ìyá àgbà tó ń wọ ọkọ̀ méjì nítorí ìdárayá ìṣẹ́jú 30, ṣé owó ọkọ̀ ọ̀hún kò tó ra oúnjẹ? Ẹ̀yin aláṣẹ, ó dọwọ́ yín.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.