Ọmọ Ni Kí Ẹ̀kọ́ Kọ́kọ́ Wò: Ohun Tí Ìṣòro Orílẹ̀-èdè Ń Béèrè Lọ́wọ́ Ilé Ìwé Wa

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ààbò àti ọ̀wọ́n gógó ọjà bá gba ẹnu ará ìlú kan, ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọdé ń kọ́ ní ilé ìwé a máa di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ìṣòro dé bá kò ní ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Nínú àyẹ̀wò yìí, a fẹ́ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ tó fi ọmọ ṣe àkọ́kọ́ jẹ́, ìdí tí ó fi ṣe kókó ní àkókò tí nǹkan le, àti bí ó ṣe kan àwọn olùgbé Àjàó Estate ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn agbébọn jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 gbé ní Chibok, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Ìhà tiwa náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, àwọn ajínigbé kó ọmọkùnrin mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Ìgbọ́nlá, ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ náà sì lò ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ ní àhámọ́ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lọ nínú ọkọ̀ ilé ìwé ní Ẹ̀mùré-Èkìtì. Ṣáájú èyí, àrùn Kòrónà ti ti gbogbo ilé ìwé Èkó pa láti oṣù Kẹta ọdún 2020 fún oṣù mélòó kan. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti di ẹrù wúwo fún òbí àti olùkọ́ bákan náà.

Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2024 pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tó mílíọ̀nù 10.2, tí ọjọ́ orí wọn tó ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti mílíọ̀nù 8.1 tí ọjọ́ orí wọn tó ti ìpele kìíní girama, ni kò sí ní ilé ìwé. Àjọ kan náà sọ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn kí ó yé wọn. Iye kejì yìí ni ó yẹ kí ó dùn wá jù, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń wọ aṣọ ilé ìwé jáde ní òwúrọ̀, tí òbí wọn sì gbà pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Wíwà ní ilé ìwé yàtọ̀ sí mímọ ìwé.

Kí ni ẹ̀kọ́ tó fi ọmọ ṣe àkọ́kọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Èkó ni ó so orúkọ Montessori mọ́ orúkọ tirẹ̀ lára pátákó. Ó dára kí a mọ ẹni tó ni orúkọ náà. Maria Montessori jẹ́ dókítà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907, ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ alágbàṣe ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń rìn kiri nígbà tí òbí wọn bá lọ síbi iṣẹ́. Ó ṣe àga àti tábìlì tó mọ níwọ̀n ara wọn. Ó fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn, tò, kí wọ́n sì kà. Ó sì kọ́ olùkọ́ láti máa wo ọmọ dáadáa kí ó tó sọ̀rọ̀. Àárín àwọn tí kò rí jẹ ni ìlànà tí a fi ń gba owó ńlá lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó fi ọmọ ṣe àkọ́kọ́ kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ máa ṣe bó ṣe wù ú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òye ọmọ dé, kí ó jẹ́ kí ọmọ béèrè ọ̀rọ̀, kí ó fi eré àti iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọ, kí ó má sì fi ẹ̀rù ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Ayò ni ọ̀pọ̀ àgbà fi mọ ìṣirò, àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi mọ ìrònú. Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí Ilé-Ifẹ̀ fi hàn

Ní oṣù Kìíní ọdún 1970 ni Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ọdún náà gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ bíbí Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi ń wọ̀n wọ́n bọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ní Èkó, òfin ọdún 2018 tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni kò sọ pé Yorùbá ni kí a fi kọ́ gbogbo iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dáàbò bo àyè èdè náà nínú kíláàsì.

Àjàó Estate jẹ́ kí a rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Àdúgbò tó súnmọ́ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed yìí kún fún ará Ìbò, Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn. Èdè abínibí ta ni olùkọ́ yóò lò? Ìdáhùn wa ni pé kí olùkọ́ mọ èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sọ nílé, kí ó gbà á láyè láti fi í ṣàlàyé ohun tí kò yé e, kí ó má sì jẹ ẹ́ níyà nítorí èdè ìyá rẹ̀. Èyí kò tako ìlànà ìjọba kankan.

Ṣé ti olówó ni?

Àwọn kan yóò sọ pé nígbà tí kíláàsì kún àkúnya, tí owó oṣù olùkọ́ kò sì tó ná, irú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ àfikún tí apá wa kò ká. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: olùkọ́ kan kò lè wo ọmọ ọgọ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1945, nígbà tí ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ará abúlé Villa Cella nítòsí Reggio Emilia ní ilẹ̀ Ítálì ta ọkọ̀ ogun àti ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìwé ọmọdé. Ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ni àwọn olùkọ́ káàkiri ayé ń lọ wò títí di òní.

Ọmọ tí ìbẹ̀rù ti bá láti ibòmíràn, tí òbí rẹ̀ sá wá sí Èkó, kò lè kọ́ ohunkóhun lọ́wọ́ olùkọ́ tó kọ́kọ́ nà án. Odi gíga àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò dáàbò bo ara rẹ̀. Olùkọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni yóò dá ọkàn rẹ̀ padà.

Ẹ̀tọ́ tí òfin fún ọmọ, àti iṣẹ́ tiwa

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2004, sọ ọ́ di ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìpele kìíní girama. Òfin náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òbí láti fa ọmọ sẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gba owó ilé ìwé lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ilé ìwé ìjọba. Àṣẹ Gómìnà ti ọdún 2016 lórí ààbò ọmọdé sì pa á láṣẹ pé kí ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni ní ìlànà ààbò ọmọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Àjàó Estate, nígbà tí ẹ bá lọ gba ìwé èsì ọmọ yín, ẹ má béèrè ipò tó gbé nìkan. Ẹ béèrè ohun tó lè kà, kí ẹ ní kí ó kà á létí yín. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìlànà ààbò ọmọ hàn yín. Ẹ̀yin onílé ìwé tí orúkọ Montessori wà lára pátákó yín, ẹ jẹ́ kí ìṣe inú kíláàsì bá orúkọ náà mu. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, bí ẹ bá rí ọmọ tó ń kiri ọjà ní àsìkò ilé ìwé, ẹ wádìí ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́ wọn sí ilé ìwé ìjọba tó súnmọ́ jù. Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé kíláàsì tó kún àkúnya àti ìtọ́jú olùkọ́ wà lọ́rùn ìjọba, ó sì tọ́ kí ará ìlú máa bi wá léèrè rẹ̀.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí a ń kọ́ ní Èkó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn tí yóò jogún wọn.