Ẹ́ńjìnnì Kò Mọ Ọgbà Ẹni Tí Ó Wà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní àdúgbò wa ní Agblangandan, a kò sì fẹ́ kí ó kọjá lọ láìfèsì. Nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé, pàápàá tí ó bá jẹ́ irú ọkọ̀ tí a ṣe fún eré sísá, àwọn ènìyàn a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a mi orí, wọn a sì wí pé: “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ṣé ẹ kò lówó gáráàjì ni?” Àwọn mìíràn a fi kún un pé ọkọ̀ olówó iyebíye kì í ṣe ohun tí a ń tú palẹ̀ lórí iyanrìn. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí àánú ń ṣe. Àwa kò gba àánú náà, nítorí ìtìjú ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀, ìtìjú ẹni tí ó gbà pé ọwọ́ ara rẹ̀ kò tó ohun rere.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má baà rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí a wí ohun tí ojú wa rí. Porsche 944 ni ọkọ̀ tí a ń wí, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti ọdún 1982 sí 1991. Ó gba etíkun Kútọnu wọlé ní tòkunbọ̀, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ wa. Ìgbànú rọ́bà eléyín kan ni ó so ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ mọ́ ọ̀pá òkè tí ń ṣí fáàfù. Bí ọ̀pá ìsàlẹ̀ bá yí ní ẹ̀ẹ̀mejì, tòkè gbọ́dọ̀ yí ní ẹ̀ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí ìgbànú bá já tàbí tí ó bá fo eyín, pístọ̀nù yóò gòkè wá kọ lu fáàfù tí kò tíì padà sí àyè rẹ̀, yóò sì tẹ̀ ẹ́.

Gáráàjì kan ní ìlú ńlá ni a kọ́kọ́ gbé e lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, aṣọ kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọ̀. Wọ́n gba owó, wọ́n sì fún wa ní ìwé pé a ti pààrọ̀ ìgbànú. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ fi kú mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Nígbà tí a fà á délé tí a sì ṣí i, a rí i pé ìgbànú tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dẹ̀. Pọ́ǹpù omi tí ìgbànú kan náà ń yí, ti àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, ó sì ti ń mì. Mẹ́rin nínú fáàfù mẹ́jọ ti tẹ̀. A kò ní dárúkọ gáráàjì náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ó mọ́ kò gba ẹ́ńjìnnì là.

Ọgbà wa ni a ti tún un ṣe. A tú orí ẹ́ńjìnnì náà, a gbé e lọ fún ọ̀gá tí ń lo ẹ̀rọ ìgbẹ́rin kí ó tẹ́ ojú rẹ̀ kí ó sì fi fáàfù tuntun sí i. A dúró de ìgbànú, pọ́ǹpù àti gásíkẹ́ẹ̀tì tí a bèèrè láti Jámánì. Ìwé iṣẹ́ wà lórí tábìlì, a ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí a tó fọwọ́ kan bóòtù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó gbà wá, ní alaalẹ́ àti ní ọjọ́ Àìkú. Kí a tó dáná sí i, ọwọ́ ni a fi yí ẹ́ńjìnnì náà ní ìgbà méjì gbáko, a sì wò ó bóyá àwọn àmì yóò padà bára dọ́gba. Wọ́n dọ́gba. Ọkọ̀ náà ń rìn títí di òní.

Nítorí náà, èrò àkọ́kọ́ tí a dojú kọ ni èyí tí ó ní ọkọ̀ tí ó dára ju ọwọ́ wa lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó le jù nínú wọn wá. Ferrari F355, tí ó jáde ní ọdún 1994, ní fáàfù 40 nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, márùn-ún fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Láti pààrọ̀ ìgbànú rẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni a óò sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ yìí ni owó rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn tí ó ni ín ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, àwọn kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe mẹkáníìkì, tí wọ́n ń sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ nínú ilé ọkọ̀ wọn, pẹ̀lú ìwé, sùúrù àti ọ̀rẹ́ méjì. Kò sí ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bi wọ́n bóyá wọn kò lówó. Ìyìn ni wọ́n ń gbà. Ilé iṣẹ́ Ferrari fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé kò sí awo níbẹ̀: nígbà tí 360 Modena jáde ní 1999, wọ́n ṣe ojú ihò sẹ́yìn ìjókòó kí ọwọ́ lè dé ibi ìgbànú. Nígbà tí F430 dé ní 2004, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin rọ́pò ìgbànú. Ìṣòro tí ènìyàn yà sórí ìwé, ènìyàn náà ni ó pa á rẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn olówó nìkan ni èyí. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kò jẹ́ kí ẹni tí ó ṣe ọjà fagi lé ìlérí rẹ̀ nítorí pé ẹlòmíràn ni ó tún ọjà náà ṣe. Ní ọdún 2002, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi dandan lé e pé kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ máa fún mẹkáníìkì tí kò sí lábẹ́ wọn ní àlàyé iṣẹ́ àti irinṣẹ́. Ní ọdún 2012, àwọn ará Massachusetts dìbò pé kí ìmọ̀ títún ọkọ̀ ṣe di ti gbogbo ènìyàn. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ń bá ara wọn jà nílé ẹjọ́ àti níbi ìdìbò kí wọ́n lè ní ẹ̀tọ́ láti ṣí i, àwa tí ẹnikẹ́ni kò tíì dí lọ́wọ́ ń fi ìtìjú dí ara wa lọ́wọ́.

Ó sì yẹ kí ojú tì wá ní ọ̀nà mìíràn. Àwa ni ọmọ Ògún, àwọn ará Fọ̀n tí a jọ ń gbé sì ń pè é ní Gu. Ère irin Gu tí a mọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ Akati Ekplékendo, tí a ṣe nílẹ̀ Dahomey ní nǹkan bí ọdún 1858, irin tí ó ti òkè òkun wá wà nínú ohun tí a fi ṣe é. Ó wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris ní ọdún 1894. Nígbà tí ìṣúra 26 padà sí ilẹ̀ wa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, òun kò sí nínú wọn. A ń bèèrè rẹ̀ títí di òní, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń bèèrè ère, tí a sì ń kọ iṣẹ́ tí ère náà dúró fún? Alágbẹ̀dẹ tí ó gba irin àjèjì tí ó fi rọ òrìṣà kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá irin náà ju ọwọ́ òun lọ.

Àmọ́ o, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà sì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìbáwí. Èrò kejì tí a dojú kọ wà láàárín àwa tí a fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Òun ni ìgbéraga ẹni tí ó ní etí òun tó, ọwọ́ òun tó, òun kò nílò ìwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a fi ìka tẹ ìgbànú, a ní ó le tó. A fa bóòtù títí yóò fi han, a ní ó ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ aluminíọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì tí a ń wí, irin bóòtù sì le jù ú lọ. Bí a bá fà á jù, yóò bọ́ àpá inú ihò náà jáde. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Irinṣẹ́ kan wà tí ń ka agbára tí a fi fa bóòtù, èyí tí ìwé Faransé ń pè ní clé dynamométrique. Ẹni tí kò ní i, tí kò sì yá a, kí ó jọ̀wọ́ má ṣí orí ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ba ọkọ̀ wa jẹ́ ní gáráàjì aláṣọ kan náà ni àìwọ̀n, bí ó bá sì jẹ́ nínú ọgbà ni a ti ṣe àìwọ̀n, bákan náà ni yóò bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnnì kò mọ ọgbà ẹni tí ó wà. Ìwọ̀n ni ó mọ̀.

Ní ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa gan-an, ẹgbẹ́ tí ó ní èdè ni iṣẹ́ òun. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ ní Èkó ń pe ìgbànú náà ní bẹ́líìtì. Èyí tí ó kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu ń pè é ní courroie. Ìwé àwọn ará Jámánì pè é ní Zahnriemen. Àwa tí a ni ọ̀rọ̀ náà, ìgbànú, a kì í lò ó, nítorí a rò pé èdè wa wà fún oríkì àti ìsìnkú nìkan. Lẹ́yìn náà ni a ó ráhùn pé ọmọ iṣẹ́ kò lè ka ìwé. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún ni ọmọ náà fi ń gbé irinṣẹ́ tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀, a ó se oúnjẹ, a ó da àtíkè sí i lórí, a ó ya àwòrán. Ta ni ó gbé ìwé síwájú rẹ̀ kí ó ka ìwọ̀n kan ṣoṣo? Ìjọba ti dá ìwé ẹ̀rí CQM àti CQP sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ wa sí i, kí a má fi àsè dípò ìdánwò.

A gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn tí ń bá wa wí ní ẹ̀tọ́ lórí ohun kan, a ó sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Agblangandan wà láàárín òkun àti adágún Nokoué, lórí iyanrìn. A kò ní í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí a tó kan omi, nígbà òjò ńlá sì ni omi náà fúnra rẹ̀ ń jáde wá bá wa. Epo dúdú tí a bá tú sílẹ̀ lẹ́yìn ilé lónìí, inú kànga ni ó ń lọ. Àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé epo tí a tú nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan lè ba omi tí ó tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan jẹ́. Omi aláwọ̀ tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé, nítorí ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pani. Ewúrẹ́ lè lá a, ọmọdé lè tọ́ ọ wò. Àti ẹni tí ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, tàbí tí ó fi búlọ́ọ̀kù onísìmẹ́ǹtì tì í, ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró fún owó tí kò tó nǹkan. Ẹni tí kò bá lè pa òfin mẹ́ta yìí mọ́, kí epo má kan ilẹ̀, kí omi náà má wà ní gbangba, kí ọkọ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ irin, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí gáráàjì. A kò ní gbè é.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Lọ́wọ́ àwọn onígáráàjì: kí wọ́n máa dá ògbólógbòó ohun tí wọ́n yọ padà fún ẹni tí ó ni ọkọ̀, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n tí wọ́n lò sórí ìwé owó. Lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Sèmè-Kpodji: kí àgbá ìkó-epo-sí wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó ń kó o lọ sì jẹ́ ẹni tí a mọ̀. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa: kí ìwé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì wọ inú àpótí ìwé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé ìtàn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn ohun èlò jọ ní Yorùbá àti Faransé nínú ìwé ìròyìn yìí. Ìgbànú ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kú ìdúró. Ọgbà náà kò tì. Bí ẹ bá tún kọjá tí ẹ bá wa lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wọlé, kí ẹ bá wa di iná mú. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kà nínú yín, a ní ojú ewé tí ó lè kà fún wa.