Ìbọn Kọ́ Ni Oògùn Dìgbòlugi

Sí Olóòtú,

Mo ń fèsì sí àròkọ yín lórí àwọn ajá tó ń rìn kiri nílùú Ìlọrin. Òǹkọ̀wé yín ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ yìnbọn pa wọ́n, ó ní ìfowóṣòfò ni ilé ìtọ́jú ajá tí kò lólówó.

Ẹni tó yẹ kó bi kọ́ ló ń bi. Òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún kẹrin, gbé àkóso ẹran ọ̀sìn inú ilé àti ìrìn wọn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Odò ẹran, níbi tí ajá ti ń rí egungun jẹ, wà lábẹ́ wọn bákan náà. Káńsù mẹ́ta ló wà n'Ílọrin.

Ní ti ìbọn, ajá tó ti gba àjẹsára àti èyí tí kò gbà ni yóò jọ kú, òmíràn yóò sì rọ́pò wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìdá 70 nínú 100 ajá bá gba abẹ́rẹ́, dìgbòlugi kò ní ráyè tàn. Àrùn yìí kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré: bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, agbára káká ni onítọ̀hún fi ń yè. Kò sì béèrè bóyá ẹ ń sin ajá tàbí ẹ kò sìn ín.

Òótọ́ ni pé ilé ìtọ́jú ajá lásán kò tó. Àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa mú ajá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ tiwọn, kí dókítà ẹranko sì jẹ́ ọ̀gá wọn, kì í ṣe ọmọ olóṣèlú tó ń wáṣẹ́. Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ irú dókítà bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ káńsù kankan ti kọ̀wé sí wọn?

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin