Òpin Ọ̀sẹ̀ Àwọn Ọmọ Júù, àti Ohun Tí Òbí Kàdúná Lè Mú Níbẹ̀

Ọmọ Júù kan tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Amẹ́ríkà lè kó aṣọ mélòó kan sínú báàgì lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn, kí ó má sì fojú kan ilé mọ́ títí di ọjọ́ Àìkú. Shabbaton ni wọ́n ń pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ náà lọ pa mọ́ níbẹ̀, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan, tí olùkọ́ àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó ń gbé Kàdúná ni mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún, ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, nítorí pé ohun tó mú àwọn Júù dá a sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bá yí lórí ọmọ tiyín.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Júù Amẹ́ríkà ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, níbi tí wọ́n ti kéré níye. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí Ọjọ́ Ìsinmi ń wọlé ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, alẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ ń ṣe àríyá, ọjọ́ Sátidé sì ni ìdíje mìíràn. Ọmọ tó bá ní òun ò ní lọ yóò dá jókòó sílé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan sí méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sìn ilé baba rẹ̀ sí ohun tó ń yà á kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ìwàásù kò lè wo èyí sàn. Ohun tó lè wò ó sàn ni kí ọmọ náà rí ọgọ́rùn-ún ọmọ mìíràn tí ọjọ́ orí wọn kò ju tirẹ̀ lọ, tí wọ́n pa fóònù, tí wọ́n ń kọrin, tí inú wọn sì ń dùn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Júù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: wọ́n dá AZA, tó wà lára BBYO òde òní, sílẹ̀ ní Omaha ní 1924, àwọn Júù ìjọ Reform ní NFTY láti 1939, àwọn Conservative ní USY láti 1951, àwọn Orthodox, tó le jù lórí òfin, sì ní NCSY láti 1954.

Ọdún 1954 kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí dá MSSN sílẹ̀ ní Èkó, tí Lateef Adegbite jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ló pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìgbà náà. Ọmọ Mùsùlùmí ń bá wọn jọ́sìn láàárọ̀, àwọn mìíràn sì ti gba orúkọ ìrìbọmi kí wọ́n tó ṣe tán níbẹ̀. Níhà Àríwá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì ni iye wọn kéré, àwọn náà dá FCS sílẹ̀ ní 1957. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn Júù, MSSN àti FCS wo ti ẹnì kejì kọ. Ọmọ tó dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ló bí gbogbo wọn.

Ní Kàdúná, kò sí ọmọ tí kì í dá yàtọ̀ níbì kan. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kò pọ̀ ní Tudun Wada, ọmọ Mùsùlùmí kò sì pọ̀ ní Sabon Tasha. Ti ọmọ Yorùbá tún ju ìyẹn lọ: Hausa ló ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì ni ní kíláàsì, ìmọ́lẹ̀ fóònù ló sì ń bá a sùn lálẹ́.

Báwo wá ni àwọn Júù ṣe ń ṣe ìpàdé yìí? Ètò Shabbaton kò tẹ̀ lé aago, oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Ọjọ́ Júù ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ti parí kí Jímọ̀ tó ṣú: oúnjẹ ti jinná, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti tan iná mànàmáná tí wọn yóò lò sílẹ̀. Ní New York, oòrùn lè wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ nínú oṣù Kejìlá, ó sì lè di aago mẹ́jọ ààbọ̀ nínú oṣù Kẹfà, nítorí náà ètò ìgbà òtútù kò jọ ti ìgbà ooru rárá. Kàdúná ì bá rọrùn fún wọn, níbi tí oòrùn ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà sí aago méje jákèjádò ọdún.

Ìṣẹ́jú 18 ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin yóò tan àbẹ́là. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí wákàtí 25, iṣẹ́ ti dúró. Àwọn rábì ìgbàanì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, ka oríṣi iṣẹ́ 39 tí òfin kọ̀ ní ọjọ́ náà, lára wọn ni dídáná, kíkọ̀wé, rírán aṣọ àti kíkórè. Àwọn Orthodox kò ní fọwọ́ kan fóònù, wọn kò ní wa mọ́tò, wọn kò sì ní fi ohun èlò kọrin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu tábìlì. Àwọn Reform kò le tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ Jímọ̀ yìí, ẹnì kan yóò gbé ife wáìnì tàbí omi èso àjàrà sókè, yóò súre lé e lórí, wọn yóò fọwọ́, wọn yóò bu búrẹ́dì méjì tí wọ́n hun bí irun dídì, oúnjẹ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Lẹ́yìn orin, àwọn ọ̀dọ́ yóò jókòó yí rábì tàbí ẹ̀gbọ́n kan ká, wọn yóò máa bi í ní ìbéèrè tí wọn kò lè bi bàbá wọn nílé: ṣé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lóòótọ́, kí ló dé tí ibi fi ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni rere, ṣé mo lè fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù? Mo gbà pé wákàtí yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò náà. Àgbà tó bá ń bínú sí ìbéèrè kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ka apá Tórà, ìwé òfin Mósè, tó kan ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ọ̀nà 54 ni wọ́n pín in sí láti kà á tán lọ́dún. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ cholent, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ẹran tó ti wà lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ láti ọ̀sán Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dáná. Tó bá ṣú, tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ, wọ́n á ṣe Havdalah: àbẹ́là híhun, wáìnì, àti ohun olóòórùn dídùn tí olúkúlùkù yóò gbóòórùn. Ìgbà yìí ni ijó àti eré ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń di òru. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe ń lo wákàtí 25 láìwo fóònù, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí pé kò sí ti ọ̀rẹ́ wọn tó ń dún.

Orílẹ̀-èdè wa náà ní àwọn tó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi yìí mọ́. Ní Àbújá, ìjọ Gihon wà lára àwọn ìjọ tó ń jọ́sìn bí Júù, Igbo ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Israel kò tíì kà wọ́n sí Júù, síbẹ̀ àwọn rábì láti Amẹ́ríkà, bíi Howard Gorin ní 2004, ti wá bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ti bá wọn kẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ìpàdé tó ń mú ọmọ fẹ́ràn àwọn tirẹ̀ lè mú un kórìíra àwọn ẹlòmíràn, Kàdúná sì mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní oṣù Kẹta 1987, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Kafanchan, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lórí ìwàásù níbi ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ó di ìjà, ìjà náà sì dé Kàdúná, Zaria, Katsina àti Funtua. Pásítọ̀ James Wuye àti Ímáàmù Muhammad Ashafa, àwọn méjèèjì jẹ́ aṣíwájú ọ̀dọ́ ẹ̀sìn nígbà ìjà tó tẹ̀ lé e. Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní 1992, Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ méjì. Ní 1995 ni wọ́n pàdé, tí wọ́n sì dá Interfaith Mediation Centre sílẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà tí wọ́n ń jà, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kó ọ̀dọ́ jọ. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò báyìí fún àlàáfíà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìpàdé kankan, yálà IVC, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ àsìkò ìsinmi ti MSSN, ti FCS tàbí ti ìjọ yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nípa aládùúgbò tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Bí àwọn olùṣètò bá ń wojú ara wọn, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò sùn níbi tí àwọn ọmọ ń sùn. Ní 2000, ìwé ìròyìn The Jewish Week ní New York tú àṣírí aṣíwájú kan nínú NCSY tó ti ń hùwà ìbàjẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orthodox Union tó ni ẹgbẹ́ náà gbé ìgbìmọ̀ dìde, ìgbìmọ̀ sì rí i pé àwọn ọ̀gá ti gbọ́ ìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò ṣe nǹkan. Ẹ̀sìn kò dáàbò bo ọmọ níbẹ̀. Òfin kan gbọ́dọ̀ wà pé àgbà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá, kí ọmọ sì mọ ẹni tí yóò sọ fún, ẹni tí kì í ṣe olórí ètò náà.

Ìbéèrè tó kù ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. NCSY ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn ọmọ ti ń pàdé láàárín ọ̀sẹ̀, Shabbaton sì jẹ́ ibi tí àwọn ẹ̀ka náà ti ń parapọ̀. Ní Kàdúná, ilé-kéwú àti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú ti wà nílẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan níbi ìpàdé ní ọmọ márùn-ún tí yóò máa pè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn òbí mọ nọ́ńbà rẹ̀, kí àwọn ọmọ márààrún náà sì tún pàdé kí táàmù tó parí.