Ẹ Má Da Èèpo Akàn Àgbádárìgì Nù Mọ́

Láti Gbérefú dé Àjídò, ẹran akàn ni à ń wá. Èèpo rẹ̀ tó ti pọ́n nínú ìkòkò, ẹ̀yìn àrò ni à ń dà á sí, tí eṣinṣin ń bò ó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìjọba Èkó náwó sórí èèpo yìí nísinsìnyí, torí pé omi bátìrì tí kì í pa ọmọ ènìyàn lè ti inú rẹ̀ jáde. Ní 2022, Liangbing Hu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland, Amẹ́ríkà, gbé bátìrì síńkì kan jáde. Chitosan, tí wọ́n ń ṣe láti ara èèpo akàn àti edé, ni wọ́n fi ṣe omi bátìrì náà. Wọ́n cháàjì rẹ̀, wọ́n lò ó tán, ní ìgbà 1,000, síbẹ̀ ìdá 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó wọlé ló ń jáde. Bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á jẹ chitosan náà tán láàárín oṣù márùn-ún. Síńkì tó kù ṣeé tún lò.

Àmọ́ bátìrì òjé ló kún abẹ́ inverter wa. Ní Thiaroye-sur-Mer, àdúgbò apẹja lẹ́bàá Dakar, àwọn ènìyàn ń fọ́ irú rẹ̀ nígbà kan láti yọ òjé. Láàárín November 2007 sí March 2008, ọmọ 18 ló kú níbẹ̀. Apẹja làwọn náà, etí òkun làwọn náà ń gbé.

Àwọn kan á ní síńkì wúwo ju lítíọ́mù lọ fún iná kan náà. Òótọ́ ni, ó sì ṣe kókó fún fóònù. Àmọ́ bátìrì sólà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé, ta ló ń rù ú kiri? Àtakò tó ká mi lára ni ti iṣẹ́ yíyọ rẹ̀. Ásíìdì la fi ń yọ ẹfun inú èèpo, kọ́sítíìkì sódà la fi ń sọ ìyókù di chitosan. Bí wọ́n bá da omi yẹn sínú ọ̀sà, akàn gan-an ló máa kọ́kọ́ kú. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí kò bá kọ́ ibi ìfọ-omi-mọ́ tirẹ̀, kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ, ì báà jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀, ì báà jẹ́ ti òyìnbó. Ẹni tó ní inú yàrá ìwádìí lọ̀rọ̀ náà ṣì wà kò parọ́, ìdí sì nìyẹn tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), tó wà ní Òjó lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, fi yẹ kó gba owó ìwádìí rẹ̀ báyìí, kí iye tí wọ́n máa san lórí kílò èèpo kan sì ti wà nínú àdéhùn fún obìnrin tó ń bó akàn, kí alágbàtà tó débẹ̀.