Gílóòbù Tiráfíkétọ̀: Ta Ni Kó Rà Á?

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ọwọ́ tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń nà síta láti Ìsàlẹ̀ Gángan títí dé Ìdúmọ̀tà kì í ṣe tiráfíkétọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ta ni yóò rí i?

Dáńfó Volkswagen àtijọ́ tó ń lo bátìrì 12 fólítì, gílóòbù 21 wáàtì ni tiráfíkétọ̀ rẹ̀ ń gbà. Wọ́n kọ ọ́ sára idẹ ìdí gílóòbù. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Ti 24 fólítì, ọkọ̀ akẹ́rù ló ni ín. Bàìbàì ni yóò máa tàn nínú dáńfó. Ti 5 wáàtì ńkọ́? Ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní rí i lọ́sàn-án, iná náà á sì máa ṣẹ́jú wéréwéré bíi pé gílóòbù kan ti jó.

Bí ìdérí iná bá pọ́n bí ọsàn, gílóòbù tí kò láwọ̀ ni kí ẹ lò. Bí ìdérí bá funfun, ẹ ra gílóòbù tó pọ́n bí ọsàn. Etí méjì tó wà nídìí èyí kò dojú kọra, kì í wọ ihò ti àkọ́kọ́. Kí rìwáyà má fi agbára tì í o!

Bí VIO bá dá ọkọ̀ dúró, awakọ̀ ni wọ́n ń bá nídìí ọkọ̀. Awakọ̀ yìí kan náà ló ń fi owó oúnjẹ ra gílóòbù pọ́ọ́kú. Kò tọ́! Ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ ni kó rà á. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ tan tọ̀tún tòsì lójú rẹ̀. Èyí tí kò bá tàn, kó pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.